Ta ni ó ni àkọsílẹ̀ ìlera, báwo sì ni aláìsàn ṣe lè gba ẹ̀dà rẹ̀?

Olùtọ́jú_Ìyá béèrè pé:

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kan màmá mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò ní ṣàì kan ẹlòmíràn níbí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn kan, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ sọ fún wọn pé kídìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ mọ́. Ní báyìí wọ́n ti kó wá sọ́dọ̀ mi, ilé ìwòsàn mìíràn ni a sì ń lọ. Dókítà tuntun náà béèrè ìgbà tí àìsàn kídìnrín náà bẹ̀rẹ̀, àwọn oògùn tí wọ́n ti lò rí tí wọ́n sì pa tì, àti ìdí tí wọ́n fi pa wọ́n tì. Àwọ̀ oògùn kan ni màmá mi rántí, èmi kò sì rí nǹkan kan sọ. Èsì àyẹ̀wò tí ó wà lọ́wọ́ wa kò ju ẹyọ kan lọ, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é kò sì hàn mọ́ lára bébà náà.

Mo padà lọ sí ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ láti béèrè fáìlì wọn. Òṣìṣẹ́ tí ó dá mi lóhùn sọ pé fáìlì kì í jáde, pé ti ilé ìwòsàn ni, àti pé bí dókítà tuntun bá fẹ́ mọ nǹkan kan, kí òun fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà wá. Kò fi ìbínú sọ ọ́, èmi náà kò sì bá a jà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ara màmá mi ni wọ́n yẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ wọn ni wọ́n gbà lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ojú wo wá ni kí a fi wo ìlànà tí ó jẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lè ka ohun tí a kọ nípa wọn, tí àwọn tí ó ni ara kò sì lè kà á?

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ta ni ó ni àkọsílẹ̀ yìí gan-an? Bí mo bá padà lọ, kí ni kí n béèrè, kí wọ́n má baà tún fi ọ̀rọ̀ ẹyọ kan dá mi padà? Bí a bá sì rí i gbà, ǹjẹ́ yóò wúlò fún ẹni tí kì í ṣe dókítà, àbí ìpayà lásán ni yóò kó bá wa? Àbúrò mi kan ní kí n fi ọ̀rọ̀ ìṣègùn sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n kọ́ ọ. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi, ṣùgbọ́n dókítà tí kò mọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn, ìmọ̀ rẹ̀ kò lè gbé e dé ibi tí ó yẹ kí ó dé.

Akọ̀wé_Àkọsílẹ̀ dáhùn pé:

Ẹ kú ìtọ́jú màmá, Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà. Ibi tí wọ́n ń kó fáìlì aláìsàn sí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì lè sọ fún yín pé nǹkan méjì ni òṣìṣẹ́ yẹn dà pọ̀ mọ́ra wọn. Òótọ́ ni pé ilé ìwòsàn ló ni bébà àti páálí fáìlì, tàbí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́. Òfin sábà máa ń pàṣẹ fún wọn láti tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ojúlówó kúrò lọ́wọ́ wọn, nítorí pé bí ó bá sọnù, aláìsàn náà ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà kì í ṣe ojúlówó. Ní ọdún 1992, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Kánádà dá ẹjọ́ kan tí a mọ̀ sí McInerney v. MacDonald. Obìnrin kan ni ó béèrè gbogbo ohun tí ó wà nínú fáìlì rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà rẹ̀; dókítà fún un ní èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ó sì ní kí ó lọ béèrè ìròyìn àwọn dókítà yòókù lọ́wọ́ àwọn tí ó kọ ọ́. Ilé ẹjọ́ sọ pé dókítà ni ó ni bébà lóòótọ́, ṣùgbọ́n aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ohun tí a kọ sínú rẹ̀ wò kí ó sì gba ẹ̀dà rẹ̀, títí kan èyí tí àwọn dókítà mìíràn fi ránṣẹ́, nítorí pé ìfọkàntán ni ó so dókítà àti aláìsàn pọ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ má fẹnu lásán béèrè. Kí ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà pé ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìtọ́jú ni ẹ ń fẹ́, kí orúkọ màmá sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lórí káàdì wọn, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà káàdì, àti ọdún tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún tí ó parí. Màmá fúnra wọn ni kí ó fọwọ́ sí i. Bí ẹ̀yin bá ni ẹ ó lọ gbà á, kí wọ́n kọ ìwé àṣẹ tí ó dárúkọ yín, kí ẹ sì mú káàdì ìdánimọ̀ ẹ̀yin méjèèjì dání. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó gba lẹ́tà náà fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín kí ó sì kọ ọjọ́ sí i, torí pé láti ọjọ́ náà ni a ó ti máa ka iye ọjọ́ tí òfin fún wọn.

Ní ti ohun tí ẹ ó béèrè, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má kàn kọ pé ẹ fẹ́ gbogbo rẹ̀. Fáìlì ọ̀pọ̀ ọdún lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ìwé, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò sì jẹ́ ìwé tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń kọ bí ara ṣe gbóná sí àti iye omi tí aláìsàn mu. Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà tuntun kò ní ráyè kà á. Èyí tí ó ṣe pàtàkì fún irú àìsàn màmá ni ìwé àkótán tí dókítà kọ nígbàkígbà tí wọ́n bá dá wọn sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ wọn, orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tàbí tí wọ́n dá a dúró, àti oògùn tí ara wọn kọ̀ bí ó bá wà. Bí wọ́n bá ti ya àwòrán kídìnrín wọn rí, ẹ béèrè àwòrán náà fúnra rẹ̀ lórí CD ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní DICOM, èyí tí kọ̀ǹpútà àwọn ilé ìwòsàn fi ń ka àwòrán ara, kí ẹ má ṣe gba ìròyìn orí bébà nìkan, nítorí pé dókítà tuntun lè fẹ́ fi àtijọ́ wé tuntun. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún gbọ́dọ̀ gba ìròyìn iṣẹ́ abẹ náà. Bí wọ́n bá gé ẹran díẹ̀ lára ènìyàn lọ fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ, èmi kò mọ ìwé kankan nínú gbogbo fáìlì tí ó ṣe pàtàkì ju èsì àyẹ̀wò yẹn lọ.

Kí ẹ tó kúrò níwájú wọn, ẹ ṣí i wò lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹni méjì tí orúkọ wọn jọra lè ní ìwé tí ó ṣìnà sínú fáìlì ara wọn, ibi tí a sì ti lè tètè tún un ṣe ni ibẹ̀ gan-an.

Amòfin_Kékeré dáhùn pé:

Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ Akọ̀wé ní ti òfin, nítorí pé ibi tí ènìyàn ń gbé ni yóò sọ bí lẹ́tà rẹ̀ ṣe lágbára tó. Ẹjọ́ ti Kánádà dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ẹjọ́ rí i. Ní ọdún 1996, nínú ẹjọ́ Breen v. Williams, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Australia sọ pé aláìsàn kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí òfin kan pàtó tí ó fún un. Òfin tí ilé aṣòfin wọn ṣe lẹ́yìn náà ni ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí ènìyàn mọ orúkọ òfin tí ó dúró lé lórí kí ó tó jáde nílé.

Ní Amẹ́ríkà, òfin HIPAA ti ọdún 1996, èyí tí ó dá lórí àkọsílẹ̀ ìlera, àti àwọn ìlànà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ fún ilé ìwòsàn ní 30 ọjọ́ láti dáhùn, wọ́n sì lè fi 30 ọjọ́ mìíràn kún un lẹ́ẹ̀kan péré, bí wọ́n bá kọ ìdí rẹ̀ ránṣẹ́ sí aláìsàn. Owó tí wọ́n lè gbà kò gbọdọ̀ ju ìnáwó títẹ ẹ̀dà lọ, wọn kò sì lè dí i mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ nítorí pé ó jẹ gbèsè ìtọ́jú, ohun tí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ rí. Láti ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2021 ni ìlànà mìíràn, tí ó ti inú òfin Cures Act ti ọdún 2016 jáde, ti wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ó sì ka dídí aláìsàn lọ́wọ́ láti rí àkọsílẹ̀ rẹ̀ tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin GDPR, òfin ààbò dátà wọn, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, fún wọn ní oṣù kan. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2023, ilé ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹjọ́ aláìsàn kan ní Jámánì, ẹni tí ó fẹ́ ẹ̀dà àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà eyín nítorí ó fura pé ìtọ́jú náà kò dára. Ilé ẹjọ́ ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀dà àkọ́kọ́, àti pé aláìsàn kò ní láti sọ ìdí tí ó fi fẹ́ ẹ, kódà bí ó bá jẹ́ pé ó fẹ́ fi pe dókítà náà lẹ́jọ́ ni. Gúúsù Áfíríkà ní òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn láti ọdún 2000. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà ní ọdún 2023 náà fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà dátà rẹ̀ àti láti mú kí wọ́n tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe.

Kì í ṣe pé ẹ̀tọ́ yìí kò ní ààlà. Wọ́n lè yọ ọ̀rọ̀ tí ó kan ẹlòmíràn kúrò, irú bí ohun tí ẹbí kan bá dókítà sọ ní ìkọ̀kọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwé tí onímọ̀ ìtọ́jú ọpọlọ kọ fún ara rẹ̀ nígbà tí ó ń bá aláìsàn jíròrò, tí ó sì yà sọ́tọ̀ kúrò nínú fáìlì, kò sí lára ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún aláìsàn. Ọ̀pọ̀ òfin sì gbà kí wọ́n dí ibi tí ó lè fa ewu ńlá fún ẹ̀mí ènìyàn. Ṣùgbọ́n apá yẹn nìkan ni wọ́n lè dí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí. Bí wọ́n bá kọ̀ fún yín, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn kọ̀, kí wọ́n sì tọ́ka sí òfin tí wọ́n dúró lé lórí; ohun tí ó rọrùn láti fẹnu sọ máa ń ṣòro láti fọwọ́ sí. Bí èyí kò bá tán an, ẹ kọ̀wé sí olórí ilé ìwòsàn, lẹ́yìn náà sí àjọ tí ó ń mójú tó ààbò dátà.

Ẹni_Tó_Ń_Ka_Èsì dáhùn pé:

Àìsàn kídìnrín ń ṣe èmi náà, nítorí náà ìbéèrè kẹta yín ni mo fẹ́ dáhùn. Ẹ sọ fún àbúrò yín pé ó wúlò, ó sì wúlò ju bí ó ti rò lọ.

Wọn kì í pe àìsàn kídìnrín ní ọlọ́jọ́ pípẹ́ nítorí èsì ẹyọ kan. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní eGFR, èyí tí a fi ń díwọ̀n bí kídìnrín ṣe ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, gbọ́dọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ 60 fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, tàbí kí àmì ìpalára mìíràn, irú bí protein nínú ìtọ̀, wà níbẹ̀ fún iye àkókò kan náà. Ẹ wá rò ó wò: bí àyẹ̀wò kan bá wà ní ilé ìwòsàn kan, tí èkejì wà ní yàrá àyẹ̀wò mìíràn, tí ẹ̀kẹta sì ti sọnù, dókítà wo ni yóò rí oṣù mẹ́ta náà? Aláìsàn nìkan ni ó dé gbogbo ibẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá ti 88 wá sí 75, tí ó tún bọ́ sí 63, ó ṣeé ṣe kí bébà kọ̀ọ̀kan má fi àmì kankan hàn, nítorí pé èsì kọ̀ọ̀kan ṣì wà lókè 60. Ẹni tí ó bá to àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìlà kan náà ni yóò rí i pé wọ́n ń lọ sílẹ̀, tí yóò sì lè béèrè ìdí rẹ̀ nígbà tí àyè ṣì wà láti ṣe nǹkan sí i.

Ìwé àjákọ kan ti tó fún èyí. Ẹ fa ìlà sí i, kí ẹ máa kọ ọjọ́, ibi tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò, creatinine (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kídìnrín máa ń sẹ́ kúrò), eGFR, protein inú ìtọ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, àti HbA1c, èyí tí ó ń sọ bí ṣúgà ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ má gbàgbé láti kọ òṣùwọ̀n tí ó tẹ̀lé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Yàrá àyẹ̀wò kan lè kọ creatinine 1.5 ní mg/dL, kí òmíràn kọ ọ́ ní 133 ní µmol/L; ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, nítorí pé 88.4 ni a fi ń sọ ti àkọ́kọ́ di púpọ̀ kí ó tó di ti èkejì. Ní ti ṣúgà, 18 ni a fi ń pín mg/dL kí ó tó di mmol/L, tí 126 yóò fi di 7. Mo ti rí ẹni tí ó sunkún nítorí pé ó rò pé àìsàn òun ti burú sí i, tí ó sì jẹ́ pé òṣùwọ̀n nìkan ni ó yí padà.

Nọ́ńbà eGFR tí ó kẹ́yìn yẹ kí ó wà lọ́wọ́ màmá nígbà gbogbo, kí wọ́n sì máa fi han apoògùn. Àwọn oògùn ìrora bí ibuprofen àti diclofenac lè pa kídìnrín tí kò lágbára lára, ìwọ̀n oògùn àtọ̀gbẹ bí metformin sì gbọ́dọ̀ bá agbára kídìnrín mu. Ẹni tí ó ń ta oògùn kò lè mọ èyí bí ẹ kò bá sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ àṣìṣe tún wà níbẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2020 ní Amẹ́ríkà, wọ́n béèrè lọ́wọ́ 22,889 aláìsàn tí ó ti ka ohun tí dókítà kọ nípa wọn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni ó sọ pé òun rí àṣìṣe, ó sì ju 40 nínú 100 àwọn wọ̀nyí tí ó ní àṣìṣe náà kì í ṣe kékeré. Ẹ tún lè ti gbọ́ nípa Dave deBronkart, ẹni tí jẹjẹrẹ kídìnrín ṣe ní ọdún 2007. Nígbà tí ó kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ sórí Google Health, ìkànnì tí ènìyàn ti lè tọ́jú àkọsílẹ̀ ìlera rẹ̀ nígbà náà, ní ọdún 2009, ó rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé jẹjẹrẹ náà ti dé ọpọlọ tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn, ohun tí dókítà kankan kò sọ fún un rí. Àwọn àmì tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò ni wọ́n kó wá síbẹ̀ bí ẹni pé àìsàn ni wọ́n. Kò sí ẹlòmíràn tí ó lè tètè rí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí ó ni ara. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rí. Wọn kì í sábà pa ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè so àtúnṣe mọ́ ọn kí ẹni tí yóò kà á lọ́la rí méjèèjì.

Dókítà_Ìdílé dáhùn pé:

Dókítà ni mí, mo sì fẹ́ kí àwọn tí mo ń tọ́jú máa ka ohun tí mo ń kọ nípa wọn. Ẹ̀rù tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní ni pé aláìsàn yóò dààmú, pé ìbéèrè yóò sì pọ̀ débi tí a kò ní ráyè ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2010, àwọn dókítà 105 ní Boston, Pennsylvania àti Seattle bẹ̀rẹ̀ ohun tí a mọ̀ sí OpenNotes, wọ́n ṣí ìwé wọn sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn tí iye wọn ju 13,000 lọ. Nígbà tí ọdún kan pé, 99 nínú 100 aláìsàn tí ó dáhùn ìbéèrè ni ó fẹ́ kí ó máa bá a lọ, kò sì sí dókítà kan tí ó ní kí wọ́n dá a dúró. Nínú àwọn tí ó ń lo oògùn, 60 sí 78 nínú 100 sọ pé àwọn ń lo oògùn àwọn dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ nìyẹn o, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni wọ̀n, nítorí náà n kò ní gbé e ga ju bí ó ti yẹ lọ. Síbẹ̀, kò bá ẹ̀rù wa mu rárá.

Ìyàtọ̀ tí mo ní sí ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú ni pé bébà lọ́wọ́ kò ì tíì jẹ́ òye. Èdè tí a fi ń kọ ọ́ le, ìgékúrú pọ̀ nínú rẹ̀, ẹni tí kò kàwé kò sì ní rí nǹkan kan nínú rẹ̀ bí kò bá sí ẹni tí yóò kà á fún un. Ẹ mú un wá sọ́dọ̀ dókítà tuntun yín, kí ẹ sì ní kí ó sọ èyí tí ó ṣe kókó nínú àwọn àìsàn tí a kọ síbẹ̀, nọ́ńbà tí òun yóò máa ṣọ́, àti oògùn tí òun yóò yí padà. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé bí a bá kọ orúkọ àìsàn kan tí àmì ìbéèrè sì wà níwájú rẹ̀, ohun tí a ń fura sí ni, a kò tíì sọ pé ó wà lára ènìyàn.

Àmì pupa tí ó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì náà ń kó ìpayà bá àwọn ènìyàn. Bí wọ́n ṣe sábà ń ṣe ààlà yẹn ni pé wọ́n á wo àwọn tí ara wọn le, wọ́n á sì mú ibi tí 95 nínú 100 wọn bọ́ sí. Ìyẹn ni pé ẹnì kan nínú 20 tí kò ní àìsàn kankan yóò bọ́ síta. Bí a bá ṣe àyẹ̀wò ogún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ le, ó ṣeé ṣe jù pé kí àmì pupa kan ó kéré tán jáde. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn dúró tàbí kí ó fi kún un nítorí ohun tí ó dá kà nílé.

Èsì àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ni ó tún yẹ kí a sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé níbi tí àkọsílẹ̀ ti wà lórí fóònù, èsì lè dé ọ̀dọ̀ aláìsàn ní òru kí dókítà tó rí i. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn 8,139 ènìyàn ní Amẹ́ríkà nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2023, ó sì ju 95 nínú 100 tí ó ṣì fẹ́ kí èsì máa tètè dé ọ̀dọ̀ wọn bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdààmú pọ̀ jù lára àwọn tí èsì wọn kò dára. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé ní ọjọ́ tí mo bá gba ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹran ara fún àyẹ̀wò, mo máa ń sọ ohun tí ó lè jáde, mo sì máa ń béèrè bóyá ẹni náà fẹ́ dá ṣí i tàbí kí a jọ ṣí i. Bí dókítà yín kò bá béèrè, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́.

Olùtọ́jú_Ìyá kọ pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ ṣe é gan-an. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún màmá mi. Wọ́n gbà láti fọwọ́ sí lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí gbogbo ọmọ máa ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò kan ẹnikẹ́ni. Mo rò pé òtítọ́ ni wọ́n sọ. Báwo ni a ó ṣe pa á mọ́, kí ó sì tún wà ní àrọ́wọ́tó lọ́jọ́ tí ara wọn kò bá yá lójijì? Àti pé ṣé orí bébà ló dára jù ni, àbí orí fóònù?

Akọ̀wé_Àkọsílẹ̀ dáhùn pé:

Màmá ni ó ni ọ̀rọ̀ náà, ohun tí wọ́n bá sì sọ ni abẹ gé. Ìwé àṣẹ tí wọ́n bá kọ lè ní ààlà: wọ́n lè kọ ọ́ pé àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti kídìnrín nìkan ni ẹ lè gbà, láti ọdún báyìí sí ọdún báyìí, wọ́n sì lè fagi lé e nígbà tí ó bá wù wọ́n. Bí ilé ìwòsàn tuntun bá ní ìkànnì tí aláìsàn ti ń wo àkọsílẹ̀ rẹ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ń fún olùtọ́jú ní ọ̀nà ìwọlé tirẹ̀. Ẹ má lo ọ̀rọ̀ aṣínà màmá, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò rí gbogbo nǹkan, dókítà kò sì ní mọ ẹni tí ó ń bá òun sọ̀rọ̀ nínú ìyá àti ọmọ.

Bébà àti fóònù ni kí ẹ lò pọ̀. Bébà ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí bátìrì bá tán, kò sì sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀; láti ọdún 1948 ni Jàpáànì ti ń fi ìwé ìlera ìyá àti ọmọ sí ọwọ́ àwọn ìyá fúnra wọn, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì ti ṣe irú rẹ̀. Ẹ kọ ojú ìwé kan ṣoṣo tí yóò máa wà nínú àpò màmá: orúkọ wọn, àwọn àìsàn mẹ́ta náà, oògùn tí wọ́n ń lò báyìí pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, oògùn tí ara wọn kọ̀, eGFR tí ó kẹ́yìn àti ọjọ́ rẹ̀, àti nọ́ńbà ẹni tí wọ́n lè pè. Kò sí ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ fi pa mọ́ níbẹ̀. Ìyókù lè wà nínú àpótí tí ó ní kọ́kọ́rọ́.

Bí ẹ bá ya àwòrán àwọn ìwé náà sórí fóònù, ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í, kí ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ẹbí lórí WhatsApp, torí pé orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà káàdì wọn wà lórí gbogbo èsì. Ẹ ṣọ́ra fún áàpù tí ó ń sọ pé òun yóò bá yín tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: ní Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, òfin HIPAA tí ó de ilé ìwòsàn kì í sábà de irú áàpù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ ka àdéhùn wọn kí ẹ tó kó ohunkóhun sínú rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ máa béèrè ẹ̀dà èsì ọjọ́ náà kí ẹ tó kúrò ní ilé ìwòsàn tuntun náà. Ó rọrùn púpọ̀ láti gbà á lọ́jọ́ kan náà ju kí ẹ padà wá kọ lẹ́tà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lọ.